Issue 2 ti Ohio: báwo ni ìbuwọ́lù aráàlú ṣe gbé òfin igbó dórí ìwé ìdìbò?

Tálábí_Columbus

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ igbó ni mo gbé wá, kì í ṣe ti fífà o, ti òfin rẹ̀ ni. Ní November 7, 2023, àwọn olùdìbò Ohio fọwọ́ sí Issue 2, òfin tó ní kí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 máa ra igbó, kó sì máa lò ó, láìsí pé ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ mú un. Ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe ilé aṣòfin ló gbé e kalẹ̀ o. Aráàlú ló kọ ọ́, àwọn náà ló gba ìbuwọ́lù kiri. Ohun tó rú mi lójú ni pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ti dé iwájú wọn ní 2015, wọ́n sì dà á nù. Kí ló yàtọ̀? Ìbuwọ́lù mélòó lèèyàn nílò, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ló sì ń bà á jẹ́? Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Iye àti déètì ni mo fẹ́, kì í ṣe "wọ́n ní wọ́n pé".

Agbẹjọ́rò_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n Tálábí, irú òfin tí wọ́n yàn láti kọ ni 2015 àti 2023 fi pínyà. Aráàlú Ohio lè tún kọ́nsítítúṣọ̀n ìpínlẹ̀ ṣe, wọ́n sì lè ṣe òfin lásán, irú èyí tí ilé aṣòfin máa ń ṣe. Ti kọ́nsítítúṣọ̀n gba ìbuwọ́lù tó tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìbò tí wọ́n dì nígbà tí wọ́n yan gómìnà kẹ́yìn. Bó bá ti pé, ó di ọ̀dọ̀ olùdìbò tààrà. Bó bá sì wọlé, àwọn aṣòfin ò lè dá fọwọ́ kàn án. Òfin lásán gba ìdá 3 lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ ó ní láti gba iwájú àwọn aṣòfin kọjá ná, wọ́n sì lágbára láti tún un ṣe lẹ́yìn tó bá wọlé.

Àwọn ResponsibleOhio tó ṣe ti 2015 gba ọ̀nà kọ́nsítítúṣọ̀n, owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó pa wọ́n ni pé wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ibi 10 péré ni wọ́n ti máa gbin igbó títà, ilẹ̀ ibi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì jẹ́ ti àwọn tó ń náwó sí ìpolongo náà. Ẹni tó ń fẹ́ igbó gan-an bínú sí i. Ta ló fẹ́ fi kọ́nsítítúṣọ̀n ìpínlẹ̀ ya ọjà sọ́tọ̀ fún èèyàn díẹ̀? Wọ́n tún gbé ẹnì kan tí wọ́n wọ̀ láṣọ bí igbó, tí wọ́n pè ní Buddie, kiri àwọn ọgbà yunifásítì. Lójú àwọn òbí, ó dà bíi pé ọmọdé ni wọ́n ń polówó rẹ̀ fún. Ìdá 64 ló sọ pé rárá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn aṣòfin gbé ìbéèrè tiwọn kalẹ̀ láti dènà kí ẹnikẹ́ni fi kọ́nsítítúṣọ̀n gba ọjà ṣe tirẹ̀ nìkan, ìyẹn sì wọlé.

Arítọ́_Cleveland

Ẹ jẹ́ kí n to ìgbésẹ̀ ti òfin lásán bó ṣe wà, torí òun ni Issue 2 ti 2023 gbà.

Ẹ ó kọ òfin náà lódindi, ẹ ó sì kọ àkópọ̀ rẹ̀. Ẹ ó gba ìbuwọ́lù 1,000 àkọ́kọ́, ẹ ó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀. Ọjọ́ 10 ló ní láti sọ bóyá àkópọ̀ yẹn sọ òótọ́ nípa ohun tó wà nínú òfin. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti sọ bóyá òfin náà dára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ballot Board yóò wò ó bóyá ohun kan ṣoṣo ni ẹ ń béèrè àbí méjì lẹ pa pọ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbuwọ́lù káàkiri.

Ìdá 3 yẹn ò gbọdọ̀ wá láti ìlú ńlá nìkan. Káúńtì 88 ló wà ní Ohio. Ó kéré tán, nínú 44 nínú wọn, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù tó tó ìdá 1.5 nínú ìbò gómìnà tí káúńtì náà dì. Akọ̀wé ìpínlẹ̀ ló ń gba ìwé, àwọn àjọ elétò ìdìbò káúńtì ló ń yẹ orúkọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá pé, ó di iwájú aṣòfin fún oṣù 4. Bí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, ẹ ní ọjọ́ 90 láti tún gba ìdá 3 mìíràn, tuntun, láti káúńtì 44 bákan náà. Èyí ló ń gbé e dórí ìwé ìdìbò.

Àwọn tó ṣe é pe ara wọn ní Coalition to Regulate Marijuana Like Alcohol. Ní August 2021, agbẹjọ́rò àgbà kọ́kọ́ dá àkópọ̀ wọn padà pé ó fo àwọn nǹkan kan. Wọ́n tún un kọ, ó sì gbà á lóṣù kan náà. Ní December 2021, wọ́n kó ìbuwọ́lù 206,943 sílẹ̀. Ohun tí wọ́n nílò ni 132,887. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, 119,825 ló péye, ó ku 13,062. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 10 láti fi kún un, wọ́n fi kún un, ó pé ní ìparí January 2022.

Ibẹ̀ ni wàhálà mìíràn ti yọjú. Òfin sọ pé ìwé gbọ́dọ̀ wọlé ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ìjókòó aṣòfin tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn olórí ilé ní nígbà tí ìbuwọ́lù àfikún máa fi dé, ọjọ́ ti kọjá. Ó di ẹjọ́. Ní May 2022 wọ́n yanjú rẹ̀ nítùbí-ìnùbí: ìbuwọ́lù wọn kò ní ṣòfò, àmọ́ January 2023 ni wọ́n máa tún un gbé wá. Ọdún kan gbáko lọ báyìí nítorí kàlẹ́ńdà.

Tálábí_Columbus

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ wá dúró ná. Ènìyàn 206,943 buwọ́ lùwé, ó wá ku 119,825? Ṣé ìdajì wọn ń parọ́ ni?

Ìyá_Dáyọ̀

Rárá o, àbúrò. Ọ̀pọ̀ wọn ò parọ́. Ìwé ni wọn ò mọ̀ ọ́n kọ, tàbí pé ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn ń kánjú. Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìwé kan fún yín.

Ìwé pẹlẹbẹ ni, òfin tí ẹ ń gbé kiri wà nínú rẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ buwọ́ lù ú lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlà tí wọ́n nọ́ńbà wà: ìbuwọ́lù, ilé àti òpópónà tí onítọ̀hún ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ìlú, káúńtì, déètì. Bírò ni, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Olúkúlùkù ló ń kọ tirẹ̀. Ọkọ ò lè buwọ́ lùwé fún ìyàwó tó wà nínú mọ́tò. Lẹ́yìn ìwé, ẹni tó gbà á kiri máa kọ ọ́ pé ìbuwọ́lù mélòó ló wà níbẹ̀, pé ojú òun ni wọ́n ṣe kọ gbogbo rẹ̀, á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì òun àti ti ẹni tó ń sanwó fún òun, á sì buwọ́ lù ú. Ìkìlọ̀ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ pé ẹni tó bá parọ́ nínú rẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní felony, ìpele karùn-ún.

Wàyí o, ohun tó ń pa ìbuwọ́lù:

Onítọ̀hún ò forúkọ sílẹ̀ láti dìbò rárá. Ó rò pé ọmọ ìlú tóun jẹ́ ti tó.

Ó forúkọ sílẹ̀, àmọ́ ó ti kó kúrò nílé yẹn. Àdírẹ́sì tuntun ló kọ, èyí tó wà lọ́dọ̀ àjọ elétò ìdìbò jẹ́ ti ilé àtijọ́. Èyí pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbé ilé àyágbé àti àwọn ọmọ yunifásítì, àwọn gan-an tó sì máa ń sáré wá buwọ́ lu ti igbó nìyẹn.

Ó ti buwọ́ lù ú lóṣù tó kọjá, ó gbàgbé, ó tún buwọ́ lù ú. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kà.

Ìbuwọ́lù rẹ̀ ò jọ ti inú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹ̀yin tiwa, ẹ fetí sí èyí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Olúwaṣeun Adéníyì nínú ìwé, tó wá fa "Shawn A." wìtìwìtì lójú títì, òṣìṣẹ́ tó ń wo kọ̀ǹpútà ní Dayton ò ní mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Bí ẹ ṣe buwọ́ lù ú nígbà tí ẹ forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ṣe buwọ́ lù ú níbi gbogbo.

Káúńtì tún ńkọ́? Ìwé kan, káúńtì kan. Bí èèyàn Franklin àti èèyàn Delaware bá wà nínú ìwé kan náà, ti káúńtì tó pọ̀ jù níbẹ̀ nìkan ni wọ́n máa kà, èyí tó kù ti ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá mọṣẹ́ tó dúró nítòsí Yunifásítì Ohio State fi máa ń gbé ìwé mẹ́rin márùn-ún dání, Franklin lókè, Delaware, Licking àti Fairfield lábẹ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Káúńtì wo lẹ ti forúkọ sílẹ̀?" kó tó mẹ́nu kan igbó rárá.

Èyí tó dùn mí jù ni iye ẹ̀yìn ìwé. Bí ìbuwọ́lù 24 bá wà níbẹ̀, tí onítọ̀hún wá kọ 23, gbogbo ìwé náà ti kú, mẹ́rìnlélógún lọ. Bó bá kọ 25, mẹ́rìnlélógún tó wà níbẹ̀ ni wọ́n á kà. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó kọ ọ́. Bí ìlà kan bá bàjẹ́, ẹ fi bírò gé e, kí ẹ má kà á mọ́.

Arítọ́_Cleveland

Ìyá Dáyọ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ ṣe pọ̀ tó: ResponsibleOhio kó ìbuwọ́lù 695,273 sílẹ̀ ní 2015, àmọ́ 276,082 ló péye. Kò tó ìdá 40. Wọ́n nílò 305,591, wọ́n sì ní láti fi ọjọ́ 10 wá 29,509 tó kù. Àwọn tó ṣe ti 2021 rí bí ìdá 58. Ní July 2023, ní ìdá 3 kejì, wọ́n kó ohun tó lé ní 220,000 sílẹ̀, 123,367 ló péye. Iye tí wọ́n nílò ti yí padà sí 124,046, torí wọ́n ti yan gómìnà tuntun ní 2022, ìbò tí wọ́n dì sì kéré sí ti 2018. Ó ku 679. Ìpínlẹ̀ odindi, iṣẹ́ ọdún méjì, ìbuwọ́lù 679 ló fẹ́ dá a dúró. Wọ́n kó 6,545 wá nínú ọjọ́ 10 náà, ó kógo já ní August 16.

Mọ́remí_Dayton

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpolongo kékeré ti ń ṣìnà. Ẹ má fi 124,046 ṣe àfojúsùn. Ẹ pín in sí ìdá tí ẹ retí pé ó máa péye. Bó bá jẹ́ ìdá 55, ẹ nílò 225,538. Bó bá jẹ́ ìdá 70, ẹ nílò 177,209. Ìyàtọ̀ tó lé ní 48,000 wà láàárín méjèèjì. Ìyẹn ni pé owó tí ẹ bá ná sórí kíkọ́ àwọn agbàwé (àwọn tó ń gba ìbuwọ́lù kiri) níṣẹ́ àti yíyẹ ìwé wò fúnra yín lálaalẹ́ ti san ara rẹ̀ padà.

Bí agbàwé kan bá ń rí 10 ní wákàtí kan, 225,000 jẹ́ wákàtí 22,500. Bí ẹ bá ní èèyàn 100, wákàtí 225 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí 5 lójúmọ́ fún ọjọ́ 45. Ọjọ́ 90 sì ni òfin fún yín, òjò wà nínú rẹ̀, Sunday wà nínú rẹ̀, ẹni tó máa fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta náà wà nínú rẹ̀. Èmi ò gbà pé àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni nìkan lè ṣe é ní ìpínlẹ̀ tó tóbi báyìí. Ẹ máa sanwó fún agbàwé. Àmọ́ bí ẹ bá ń san án lórí iye ìbuwọ́lù, wọ́n á kó pàǹtí wá fún yín. Ó sàn kí ẹ san án lórí wákàtí, kí ẹ sì máa wo ìdá tó péye lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Káúńtì kékeré ò gbówó lórí. Bí wọ́n bá dìbò 20,000 fún gómìnà níbẹ̀, ìbuwọ́lù 300 tó péye ti tó, ẹ gba 550. Ọjọ́ méjì níbi àfihàn ọdọọdún tí káúńtì máa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè parí rẹ̀. Kí ẹ má sì fi mọ sí 44, ẹ ṣe 50, torí ìbuwọ́lù 10 tó bá bàjẹ́ ní káúńtì kan lè sọ yín di oní 43.

Ibi tí ẹ máa dúró sí: ẹ̀bá títì, ìta ilé ìkàwé, ibi ọdún, ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé mọ́tò. Iwájú ilé ìtajà ńlá máa ń kún, àmọ́ ilẹ̀ oníǹkan ni, wọ́n lè lé yín.

Bàbá_Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí àgbà sọ tirẹ̀. Igbó tó da orí ọmọ rú lójú títì Mushin, òun náà lẹ wá ń fi ìṣirò gbé lárugẹ yìí? Kò yé mi o.

Agbẹjọ́rò_Kékeré

Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi. Ọ̀nà yìí ò kan igbó nìkan, ẹni tó kórìíra rẹ̀ náà lè gbà á, wọ́n ń gbà á. Ohun tí Issue 2 sọ rèé, kí ẹ lè fi àtakò yín síbi tó yẹ: ẹni ọdún 21 sókè, igbó áúnsì 2.5 lọ́wọ́, tàbí gíráàmù 15 èyí tí wọ́n fún jáde. Igi 6 nílé ẹnì kan, 12 bó bá jẹ́ àgbàlagbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ilé kan. Owó orí ìdá 10. Nínú owó orí yẹn, ìdá 36 lọ sí ìlú tí ilé ìtajà wà, ìdá 36 sí ètò ìdọ́gba àti iṣẹ́, ìdá 25 sí ìtọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, ìdá 3 sí iṣẹ́ àbójútó. Àwọn tó ń tako òfin náà lọ́dún 2023 ò fi bẹ́ẹ̀ bá ìgbàwé jà. Owó orí yìí àti ewu lójú títì ni wọ́n bá a jà lé lórí.

Ìyá_Dáyọ̀

Bàbá, ẹ dákun, kì í ṣe àríyànjiyàn ni. Àmọ́ ohun kan wà tó kan àwa tó wá láti ilé ju igbó lọ, mo fẹ́ kí gbogbo yín kà á.

Ẹni tó ní gíríìn káàdì, tí kò tíì di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, kò gbọdọ̀ buwọ́ lu ìwé yìí. Olùdìbò nìkan ló wà fún. Bí agbàwé bá sọ fún un pé "ẹ kàn forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbí ná, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi," kó sá. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ní kéèyàn búra pé ọmọ ìlú lòun. Irọ́ kan yẹn lè lé èèyàn kúrò nílẹ̀ yìí, kò sì sí "mi ò mọ̀" níbẹ̀.

Owó náà ńkọ́? Ohio ṣòfin ní 2024 pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú kò gbọ́dọ̀ dáwó fún ìpolongo ìbéèrè orí ìwé ìdìbò, wọ́n sì ka oní-gíríìn-káàdì mọ́ ọn. Wọ́n ti gbé e lọ sí kóòtù. Títí tí ẹ bá fi gbọ́ òpin rẹ̀ lẹ́nu lọ́yà yín, ẹ má fi dọ́là kan sílẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn: ìjọba àpapọ̀ ṣì ka igbó sí èèwọ̀. Láti April 2019 ni USCIS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fúnni ní ìwé ọmọ ìlú, ti sọ ọ́ síta pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà igbó, kódà níbi tí ìpínlẹ̀ ti gbà á láyè, lè pàdánù ìwé ọmọ ìlú tó ń béèrè nítorí ìwà rere tí wọ́n máa ń wò. Òfin ìpínlẹ̀ ò gba yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Tálábí_Columbus

Háà, ẹ ṣeun mà. Èyí kò sí lórí ìwé ìpolongo kankan. Ìbéèrè mìíràn: kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáwé olúborí? Mo gbọ́ pé ilé ẹjọ́ ti da ọ̀pọ̀ rú.

Agbẹjọ́rò_Kékeré

Mississippi ló burú jù. November 2020, Initiative 65, igbó fún ìtọ́jú aláìsàn, nǹkan bí ìdá 74 ló gbà á. May 14, 2021, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fagi lé e. Kí nìdí? Kọ́nsítítúṣọ̀n wọn sọ pé ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìbuwọ́lù ló pọ̀ jù tó lè wá láti ẹkùn aṣòfin àpapọ̀ kan. Ẹkùn márùn-ún ni wọ́n ní nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Lẹ́yìn ìkànìyàn 2000, ó ku mẹ́rin. Ẹ ṣe é: ẹ̀ẹ̀mẹrin ìdá 20 jẹ́ ìdá 80. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè pé ìdá 100 mọ́. Ogún ọdún ni kò sẹ́ni tó tún gbólóhùn yẹn kọ. Ilé ẹjọ́ ò pa igbó nìkan, ó pa gbogbo ọ̀nà ìgbàwé aráàlú ní Mississippi. Àwọn aṣòfin fúnra wọn ló padà ṣòfin igbó ìtọ́jú ní February 2022.

South Dakota, 2020: Amendment A, ìdá 54 gbà á. November 2021, ilé ẹjọ́ ní wọ́n kó ju ohun kan lọ sínú rẹ̀: igbó ìgbádùn, igbó ìtọ́jú, igbó okùn (hemp), gbogbo rẹ̀ nínú àtúnṣe kan ṣoṣo. Nebraska, 2020: ilé ẹjọ́ yọ ti igbó ìtọ́jú wọn kúrò kí wọ́n tó dìbò rárá, nítorí ẹ̀sùn kan náà. Àwọn ti Nebraska kọ́gbọ́n. Ní 2024 wọ́n là á sí méjì, ọ̀kan láti dáàbò bo aláìsàn, ọ̀kan láti dá àjọ tó máa bójú tó o sílẹ̀. Ìdá 71 àti ìdá 67 ni wọ́n fi wọlé. Wọ́n tún fẹjọ́ sùn pé àwọn nótárì kan lu òǹtẹ̀ sórí ìwé tí agbàwé ò sí níwájú wọn. Adájọ́ ní ìwé tí wọ́n rí ẹ̀rí rẹ̀ ò pọ̀ tó láti da ìbò dànù. Ẹ rí i, òǹtẹ̀ nótárì lásán.

Florida ò jọ tiwọn. Ní 2021 ilé ẹjọ́ wọn fagi lé ọ̀kan torí ọ̀rọ̀ kan nínú àkópọ̀: ó sọ pé àtúnṣe náà "gbà á láyè", láìsọ pé ìjọba àpapọ̀ ṣì kà á léèwọ̀. Ní 2024, èyí tó ní ìbuwọ́lù tó lé ní 891,523 tí òfin béèrè wá dé ìwé ìdìbò. Ìdá 55.9 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ṣubú, torí ìdá 60 ni Florida ń béèrè. Colorado 2012 rí ìdá 55.3, tiwọn wọlé.

Ọmọ_Àkúrẹ́

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹ máa yọ̀. Ṣé nílé wa lọ́hùn-ún, aráàlú lè gbàwé kí òfin NDLEA yí padà? Akeredolu lọ sí Thailand ní 2019 nítorí ọ̀rọ̀ igbó ìtọ́jú yìí, tí gbogbo ènìyàn ń pariwo.

Agbẹjọ́rò_Kékeré

Rárá, àbúrò. Kò sí irú ọ̀nà yẹn nínú kọ́nsítítúṣọ̀n 1999. Aṣòfin nìkan ló lè yí i padà. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni abala 69, ìpèpadà aṣojú: ó ju ìdajì gbogbo olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé, INEC á sì ṣe ìbò ìpinnu láàárín ọjọ́ 90. Ẹ ó rántí ti Dino Melaye ní April 2018. Nígbà tí INEC yẹ ìbuwọ́lù wò ní Kogi West, ìdá 5.34 nínú àwọn olùdìbò ni wọ́n rí tó jẹ́rìí sí i. Ohio ń béèrè ìdá 3 nínú àwọn tó dìbò. Tiwa ń béèrè ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀, àti ẹni tó ti kú tí wọn ò tíì yọ. Ẹni tó fẹ́ kí òfin igbó yí padà ní Nàìjíríà, Abuja ni kó máa lọ.

Mọ́remí_Dayton

Ẹ jẹ́ n padà sí Ohio, torí ìtàn ò parí ní November 2023. Òfin lásán ni Issue 2, mo ti ka ohun tí Agbẹjọ́rò kọ lókè. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ December 7, 2023. Kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni àwọn sẹ́nétọ̀ ti ṣe àtúnṣe tó máa gé e kúrú, ilé kejì ò bá wọn lọ. August 6, 2024 ni ilé ìtajà àkọ́kọ́ fi ta fún ẹni tí kì í ṣe aláìsàn. December 2025, gómìnà DeWine wá buwọ́ lu Senate Bill 56. Ọ̀kan nínú ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé igbó tí èèyàn rà ní Michigan ò gbọdọ̀ wọ Ohio mọ́. Ìdí tí ẹni tó ń yan ọ̀nà òfin lásán fi ń fọkàn sí i nìyẹn: ó rọrùn láti gbé wọlé, ó sì rọrùn láti gé.

Tálábí_Columbus

Ṣé aráàlú ò wá lè dá àtúnṣe àwọn aṣòfin dúró ni? Àbí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbuwọ́lù 1,000?

Arítọ́_Cleveland

Wọ́n lè dá a dúró. Referendum ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ 90 látìgbà tí òfin bá ti dé ọ́fíìsì akọ̀wé ìpínlẹ̀, ìdá 6 nínú ìbò gómìnà, káúńtì 44 bákan náà, ìdá 3 nínú káúńtì kọ̀ọ̀kan. Ìbuwọ́lù 1,000 àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, àkópọ̀ ṣì ń lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò àgbà. Bí wọ́n bá dá àkópọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tó lọ níbẹ̀ wà nínú 90 yẹn, wọn ò ní dá a padà fún yín. Nítorí náà ẹ kọ àkópọ̀ sílẹ̀ kí gómìnà tó buwọ́ lùwé, kí lọ́yà méjì tí kò jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kà á, kí ẹ sì ti gba 1,500 lọ́wọ́ àwọn tí ẹ ti yẹ orúkọ wọn wò dípò 1,000.